Kí kámẹ́rà tó dé, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ń gbà

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní àdúgbò kan lẹ́bàá odò Ọ̀nà ní Ìbàdàn. Ilé 60 ni wá. Ilé-iṣẹ́ kan wá bá wa pé àwọn lè sọ àdúgbò wa di "smart": kámẹ́rà 8, iná sólà 20, àti ápù lórí fóònù. A ti ń dá owó jọ. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni omi ń wọ àwọn ilé ìsàlẹ̀, àwọn ayálégbé ibẹ̀ sì ń bi wá pé kí ni kámẹ́rà fẹ́ ṣe fún omi. Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ fi owó yìí ṣe?

Ìdáhùn: Ohun tí àwọn ayálégbé yín béèrè ló yẹ kí gbogbo ìlú máa béèrè kó tó ra ẹ̀rọ. Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Ohun tó yẹ kí owó yín kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ mọ̀ nígbà tí omi bá ń bọ̀, kí ẹni tó sùn sí yàrá tó sún mọ́ odò jù lọ gbọ́ kí omi tó dé, kó sì mọ ibi tí yóò gbà lọ. Ẹ̀rọ wúlò fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń rí omi, tí kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dìde nígbà tó bá rí i, owó tó wọ omi ni.

Ìbàdàn mọ ohun tí à ń sọ yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó tó mìlímítà 187.5 rọ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ, afárá wó káàkiri, omi sì gba orí ìdídò Eléyẹ́lé kọjá, èyí tí wọ́n ti kọ́ sórí odò Ọ̀nà yín yìí láti ọdún 1942. Ẹ kíyè sí i pé ìparí oṣù Kẹjọ ni méjèèjì. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, àwọn ènìyàn á sì túra ká, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti mu omi yó láti oṣù Kẹfà àti Ìkeje. Èyí tó bá tún rọ̀ lẹ́yìn náà, orí ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà lọ. Lẹ́yìn ọdún 2011, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2014 fún ètò ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn: afárá, ojú odò, ìdídò Eléyẹ́lé fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Tiyín kéré ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè bá yín ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi náà. Mìlímítà òjò 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, lítà omi 1 ni. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 fẹ̀ tó sìkúà mítà 464. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 23,200 nìyẹn láti inú ọgbà ilé kan ṣoṣo. Òjò ọdún 2011 yóò da nǹkan bí lítà 87,000 sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ní koríko, ìdá méjì sí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló sábà máa ń ṣàn jáde. Bí ó bá jẹ́ kọnkéré tàbí íńtálọ́ọ̀kì, ìdá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni. Ìdí nìyí tí omi àwọn ará ìsàlẹ̀ fi lè máa pọ̀ sí i nígbà tí òjò kò pọ̀ sí i rárá. Ẹni tó wà lókè ló da íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ọgbà rẹ̀.

Ìṣirò tí àwọn ẹnjiníà fi ń wọn gọ́tà kò le. Ẹ mú ìwọ̀n ilẹ̀ tó ń da omi sínú gọ́tà náà ní hẹ́kítà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìpín omi tó ń ṣàn jáde, lẹ́yìn náà pẹ̀lú bí òjò ṣe le tó ní mìlímítà láàárín wákàtí kan, kí ẹ wá fi 360 pín in. Hẹ́kítà 10 tó jẹ́ kìkì òrùlé àti kọnkéré (0.8), tí òjò mìlímítà 90 fún wákàtí kan ń rọ̀ sí, yóò da kúbíìkì mítà 2 jáde ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Gọ́tà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó jìn ní 60, tí omi ń sáré mítà 1.5 nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.54 péré ló lè gbé. Ó fi díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ojú títì àti pálọ̀ àwọn ènìyàn ni ìyókù ń gbà. Bí yanrìn bá wá dí ìdajì gọ́tà yẹn, ohun tó kù kò tó ìdajì mọ́, torí omi tí ojú ọ̀nà rẹ̀ kéré kì í sáré tó tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní wáyà nínú. Láàárín oṣù Kìn-ín-ní sí Ìkẹta, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, kí èèyàn mẹ́rin rin gọ́tà yín láti òkè dé odò pẹ̀lú téèpù, igi tí ẹ fàlà sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, àti fóònù. Ní gbogbo mítà 20, ẹ kọ ìbú rẹ̀, jíjìn rẹ̀, gíga yanrìn inú rẹ̀, àti ohun tó dí i. Ẹ wo abẹ́ gbogbo afárá kékeré dáadáa: páìpù omi tí wọ́n là kọjá láàárín ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mọ́ra títí yóò fi di ògiri. Ẹ wò ó bóyá ẹnu afárá kò kéré ju gọ́tà tó wọ inú rẹ̀ lọ. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, kò sì sí kíkó ìdọ̀tí tó lè tún un ṣe, àfi kí wọ́n fọ́ ọ kí wọ́n tún un kọ́. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ sí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tí kò gba owó. Ní Dar es Salaam ní Tàǹsáníà, láti ọdún 2015, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ará àdúgbò ló fi ẹsẹ̀ rin gọ́tà àti òpópónà báyìí nínú ètò Ramani Huria, tí wọ́n fi ya àwòrán ilẹ̀ àwọn ibi tí omi ń bò. Bí ẹ bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọn kò ní lè sọ pé àwọn kò mọ ibi tí ẹ ń wí.

Bí ẹ bá ń kó gọ́tà, ẹ pe típà kí ẹ tó pe lébìrà. Yanrìn tí wọ́n kó sí etí gọ́tà tí típà kò wá gbé lọ́jọ́ náà, òjò àkọ́kọ́ ló ń dá a padà sínú rẹ̀, tí owó ọdún náà á sì ṣòfò. Àwọn kan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi irin sẹ́nu afárá kó lè máa mú ìdọ̀tí. Ó dára bí irin náà bá dagun, tí ẹni tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè fi réèkì fa ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ sì ti yan ẹni náà. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í síbẹ̀ rárá, torí láàárín wákàtí kan yóò di ìdídò.

Kí àwọn ará òkè náà dá omi tiwọn dúró. Òrùlé sìkúà mítà 150 yóò kún táǹkì lítà 2,000 pẹ̀lú mìlímítà òjò 13 péré, nítorí náà táǹkì tó ti kún tẹ́lẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ lu ihò kékeré kan sí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga táǹkì náà láti ìsàlẹ̀, kí ẹ so páìpù tín-ín-rín mọ́ ọn tí yóò máa jo omi díẹ̀díẹ̀ sínú ọgbà. Ohun tó wà lábẹ́ ihò ni ẹ ó máa lò. Òkè rẹ̀ ni yóò ṣófo de òjò. Bí ilé 60 bá dá 1,500 dúró fún wákàtí méjì péré, lítà 90,000 ni kò ní dé ìsàlẹ̀ nígbà tí odò ń le jù.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí ìkìlọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Ẹ nílò ohun méjì tí ẹ ó máa kà: òjò àti odò. Fún òjò, ike funfun tí ara rẹ̀ tọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, àti rúlà. Bí omi inú rẹ̀ bá ga ní mìlímítà 30, òjò mìlímítà 30 ló rọ̀. Ẹ má lo báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, torí yóò máa sọ fún yín pé òjò pọ̀ ju bó ti rí lọ. Ẹ gbé ike náà sórí òpó tó ga tó mítà kan, kó jìnnà sí ògiri tàbí igi ní ìlọ́po méjì gíga wọn. Ẹ máa kà á ní agogo kan náà láràárọ̀, kí ẹ dà á nù; bí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa kà á ní ìdajì wákàtí síra.

Fún odò, ẹ fi ọ̀dà fàlà sára òpó afárá ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ibi tí àmì pupa yóò wà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe: wọ́n ń fi í sí ibi tí omi ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ẹ mú rọ́bà tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn lẹ́bẹ́ẹ̀lì, kí ẹ gbé ìwọ̀n àtẹ̀gùn ilé tó rẹlẹ̀ jù lọ dé ara òpó afárá, ẹ fàlà síbẹ̀. Kí ẹ wá padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Bí odò yín bá máa ń ga ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú 40, tí ó sì gba ìṣẹ́jú 30 láti kó àwọn arúgbó àti ọmọdé kúrò, odò yóò ti fi sẹ̀ǹtímítà 75 ga kí ẹ tó kó wọn tán. Nítorí náà, àmì pupa gbọ́dọ̀ fi mítà kan rẹlẹ̀ sí àlà àtẹ̀gùn yẹn, kí àyè díẹ̀ wà fún ìdádúró. Bí odò ṣe ń yára ga tó, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá fi ìgbà òjò kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wá ọ̀rẹ́ kan ní òkè odò: bí omi bá ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá, ohun tó kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní kìlómítà 3 sókè yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní ìṣẹ́jú 25. Ìpè fóònù kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ níyì ju ápù lọ.

Lẹ́yìn èyí ni sẹ́ńsọ̀ kàn, ẹ̀rọ tó ń wọn gíga odò fúnra rẹ̀. Oríṣi tó ń fi ìró wọn omi láti òkè, tí ojú rẹ̀ dí pa kí omi má wọ̀ ọ́, ló rọrùn jù láti rà, láti tún ṣe, àti láti pààrọ̀. Ẹ so ó mọ́ apá irin tó yọ jáde ní mítà kan sí ẹ̀gbẹ́ afárá, kí ìró rẹ̀ má bàa máa lu òpó. Kò lè rí ohun tó sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó fi ó kéré tán ìdajì mítà ga ju ibi tí omi ga dé rí. Ìró ń yára sí i nígbà tí ooru bá mú: bí ooru ọ̀sán bá jẹ́ dígírì 35 tí ti òru sì jẹ́ 22, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ bí ooru ṣe tó yóò fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 ṣìnà lórí mítà 3. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tó ń wọn ooru sí i. Kó máa kà lẹ́ẹ̀marùn-ún kó sì mú èyí tó wà láàárín, torí ọ̀rá tàbí ewéko tó léfòó lè dáyà fò yín lásán. Ẹ máa yẹ ẹnu rẹ̀ wò lóṣooṣù. Agbọ́n àti aláǹtakùn fẹ́ràn ibẹ̀.

Ohun tó sábà ń pa irú ẹ̀rọ yìí ni iná àti síìmù. Lásìkò tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, apá fóònù inú rẹ̀ lè fa áḿpìà 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wáyà tín-ín-rín tàbí bátìrì tó ti rẹ̀ kò lè fún un, ẹ̀rọ á kú, á tún tàn, kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́. Lórí tábìlì ní ọ́fíìsì, ó ń ṣiṣẹ́. Nínú òjò ló ń kọṣẹ́. Wáyà tó nípọn, kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) máíkírófáráàdì 1,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù oní-fósíféètì ni ìwòsàn rẹ̀. Síìmù sì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹnì kan tí gbogbo yín mọ̀ máa fi owó sí i. Ní agogo méje àárọ̀ ojoojúmọ́, kí ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ pé òun wà láàyè. Bí kò bá ránṣẹ́ títí di agogo mẹ́jọ, kí ẹnì kan lọ wò ó lọ́jọ́ yẹn. Láìsí èyí, ọjọ́ tí omi bá dé ni ẹ ó mọ̀ pé ó ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn.

Ẹ má gbé gbogbo ìkìlọ̀ lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kú nínú ìjì, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n kà ní àárọ̀ kì í sì í ṣe ìkìlọ̀. Rio de Janeiro ní Bràsíìlì kọ́ wa ní èyí. Lẹ́yìn òjò àti ilẹ̀ yíyà oṣù Kẹrin ọdún 2010, ìlú náà ṣí ilé ìṣàkóso ńlá kan ní ìparí ọdún yẹn, tí ojú rẹ̀ kún fún àwòrán kámẹ́rà. Òun ni gbogbo ayé ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé fèrè ìkìlọ̀ sórí àwọn òkè tí àwọn tálákà ń gbé, wọ́n so ó mọ́ ìwọ̀n òjò, wọ́n kọ́ àwọn ará àdúgbò láti kó aládùúgbò wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti yàn tẹ́lẹ̀. Fèrè àti ẹni tó mọ ọ̀nà yìí ni kí ẹ wò kọ́ṣe.

Ẹ̀yin ní agbohùnsókè mọ́ṣáláṣí àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá ìmáàmù àti pásítọ̀ ṣe àdéhùn nísinsìnyí nípa ẹni tó lè pè wọ́n lóru àti ìró tí wọn yóò lò, kó má jọ ìpè àdúrà. Kí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ afárá pe ènìyàn méjì, kí méjèèjì náà pe méjì méjì. Kí ilé mẹ́wàá mẹ́wàá ní ẹnì kan, kí ẹni náà jẹ́ ayálégbé ní ìsàlẹ̀, torí onílé tó ń gbé òkè kò mọ ìyá arúgbó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò lè rìn, àwọn tí kò gbọ́ràn, àti aboyún, kí ẹ yan ẹni tí yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kéde kò gbọdọ̀ jẹ́ "òjò ńlá ń bọ̀". Ẹ sọ ohun tí wọn yóò ṣe: "Omi ti dé àmì pupa. Ẹ kó ọmọ àti arúgbó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òkè nísinsìnyí. Ẹ pa iná ilé. Ẹ má gba orí afárá." Bí àwọn tó gbọ́ Haúsá tàbí Ígbò bá wà láàárín yín, ẹ sọ ọ́ ní èdè wọn pẹ̀lú. Ìkìlọ̀ afárá kì í ṣe àsọdùn: omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè bi àgbàlagbà ṣubú, 30 sì lè gbé ọkọ̀ kékeré.

Ẹ ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, lóru ni kó jẹ́. Ìgbà mìíràn ẹ ó kìlọ̀, omi kò ní wọlé. Ẹ jáde lọ́jọ́ kejì kí ẹ sọ ibi tí odò ga dé àti ìdí tí ẹ fi pariwo. Àdúgbò tí wọ́n bá ṣàlàyé fún kì í gbọ́ ìkìlọ̀ kejì bí irọ́.

Iná sólà dára lẹ́yìn èyí, ní ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń sá lọ pàápàá. Kí ilé-iṣẹ́ yẹn fi ìṣirò hàn yín. Iná wáàtì 40 tó tàn fún wákàtí 12 jẹ wáàtì-wákàtí 480. Bó bá dín kù sí ìdajì lẹ́yìn agogo méjìlá òru, 360 ni. Ẹ béèrè bátìrì tó lè gba òru méjì tí oòrùn kò ràn, àti pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi oòrùn oṣù Kẹjọ ṣírò rẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lóòjọ́. Èyí tí wọ́n fi oòrùn oṣù Kejì ṣírò máa ń kú sí òkùnkùn nínú oṣù Kẹjọ.

Kámẹ́rà kan lójú afárá wúlò, torí ẹni tó jókòó sílé lè fi rí àmì pupa. Èyí tó ń wo ojúlé àwọn ènìyàn, òfin ààbò ìwífún Nàìjíríà ti ọdún 2023 kàn án: ẹ gbé pátákó síta, ẹ kọ ẹni tó lè wò ó, ẹ má sì tọ́jú àwòrán pẹ́ ju bí ẹ ti nílò rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun gbogbo tí ẹ̀rọ náà bá kọ sílẹ̀ jẹ́ ti àdúgbò, pé ẹ lè kó o jáde bí ẹ bá yípadà sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, pé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì nínú yín, pé bátìrì àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ lè rà ní ọjà, àti pé wọn yóò kọ́ oníná àdúgbò yín láti pààrọ̀ wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ má san àsansílẹ̀ kankan.